Kétu Láìsí Fúnkẹ́

Ọjọ́ Àìkú, oṣù Kọkànlá, 2006

Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi kò ní bá mi lọ sí Kétu mọ́. Lẹ́yìn ìsìn ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àfẹ́sọ́nà òun kò fọwọ́ sí i.

Ọdún méjì la ti ń pète ìrìn àjò yìí: ká gba bọ́dà Sèmè kọjá, ká jẹ àkàsà, ẹ̀kọ tiwọn, àti ẹja díndín ní Àjàṣẹ́, ká wo ẹnubodè àtijọ́ tó wà ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti bí ìyá ìyá mi.

"Má bínú, jàre," ló wí. "Tí ìwọ náà bá ti ní ẹnì kan, wàá mọ bó ṣe ń rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo se ìrẹsì, mi ò lè jẹ ẹ́. Ni mo bá rìn dé Apple Junction lọ bá Bọ̀dá Múfú, awakọ̀ tó máa gbé wa.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì ń lọ?"

Mo ti fẹ́ sọ pé a ò lọ mọ́. "Èmi nìkan ni, bọ̀dá."

Ó wò mí díẹ̀. "Kò burú. Ẹ tètè dé láàárọ̀ Ẹtì."

Omi lé ròrò sí mi lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí n ó máa bá sọ̀rọ̀ lọ́nà. Síbẹ̀, mo ti sọ fún Bọ̀dá Múfú pé mò ń lọ.