Ẹ̀yìn Tí Kò Dùn Mí

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀yìn ò dùn mí lọ́jọ́ náà.

Ìgbà kẹta rèé tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Nínú ti àkọ́kọ́, ìròyìn àwọn ọmọ-ọmọ yín ni mo kọ́kọ́ rò. Nínú ti ìkejì, mo ń bèèrè àlàáfíà yín bí ẹni pé ìrìn àjò lẹ lọ. Mo fa méjèèjì ya. Mo mọ ara mi, Bàbá. Bí mo bá fi èyí tó burú sí ìsàlẹ̀ ìwé, n ó ti ká ìwé náà kí n tó dé ibẹ̀. Nítorí náà mo fi í ṣíwájú: ẹ̀yìn ò dùn mí. Irọ́ ni mo pa. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan, títí kan ìyàwó mi.

Ẹ rántí Sátidé yẹn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbàgbé rẹ̀? Ọdún tí nǹkan le yẹn ni, tí àwọn olùkọ́ ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ nítorí pé owó oṣù ò dé, tí a máa ń mu gààrí láàárọ̀ tí a ó tún mu ún lálẹ́. Èmi ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo wà nílé l'Óǹdó, mo ń jẹun yín. Ẹ̀yin ń gbé àpò kòkó ní sítọ́ọ̀, Mọ́ńdè títí di Sátidé. Òfin kan wà láàárín ẹ̀yin alábàárù nígbà náà: ẹnìkan ò gbọdọ̀ dá àpò gbé nílẹ̀. Ẹni méjì ni yóò di etí àpò mú, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí wọn ó jọ gbé e dé ẹ̀yìn lọ́rì. Ẹni tí kò bá sì ní lè wá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ẹni tí yóò di etí àpò tirẹ̀ mú.

Bọ̀dá Akínsọlá lẹ jọ máa ń gbé àpò. Ìyá ìyàwó wọn kú, wọ́n fẹ́ lọ sìnkú ní Ilé-Olújì. Wọ́n wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn di etí àpò mú lọ́jọ́ kejì. Mo ní kò sí wàhálà. Wọ́n fọwọ́ gbá mi léjìká, wọ́n ní, "Ó dọwọ́ ẹ o." Ẹ̀yin jókòó síbẹ̀, ẹ ń fọ ẹsẹ̀ yín nínú bàsíà, inú yín sì dùn. Mo rí i lójú yín.

Ohun tí mi ò sọ ni pé mo ti ní ìpàdé l'Ákúrẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní ọgbà mẹkáníìkì ti da sìmẹ́ǹtì sínú korobá ọ̀dà méjì, wọ́n fi irin gígùn kan so wọ́n pọ̀, ọjọ́ Sátidé la fẹ́ fi dánra wò. Ẹni tó bá gbé e kúrò nílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà jù ló borí. Ọmọbìnrin kan sì fẹ́ wá wòran. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń ṣọ́ agbára mi lò. Mi ò gbé omi fún Màmá, mi ò la igi. Bí mo bá ní kí n tún sọ òótọ́ sí i, ojú ń tì mí. Mo rò pé ẹni tó jáde ìwé mẹ́wàá ò gbọdọ̀ fi eruku kòkó para.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo ń kérora. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò lè dìde. Ẹ ò jiyàn. Ẹ yọ́ àdín lórí iná, ẹ kúnlẹ̀ tì mí, ẹ fi ọwọ́ yín tó le bí èèpo igi fi í ra ẹ̀yìn mi láti ọrùn dé ìbàdí. Ẹ pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ ní, "Sùn jẹ́ẹ́. Má gbé nǹkan kan lónìí." Lẹ́yìn náà ẹ nu ọwọ́ yín mọ́ ṣòkòtò iṣẹ́ yín, ẹ jáde. Òórùn àdín yẹn ṣì wà lára mi nígbà tí mo wọ mọ́tò Àkúrẹ́.

Mo borí, Bàbá. Mo gbé sìmẹ́ǹtì yẹn lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Wọ́n gbé mi sókè, wọ́n ń pè mí ní Irin. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn mi le dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí mo fi máa padà dé, èrò ti kún iwájú ilé wa. Wọ́n ní lọ́rì fẹ́ gbéra, akọ̀wé ń pariwo, àwọn alábàárù yòókù ń gbé tiwọn ní méjì méjì. Ẹ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ dá àpò gbé. Ẹni tó wà nítòsí sọ pé "hẹ̀n" kan ṣoṣo lòun gbọ́ lẹ́nu yín, ẹ sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò gbé ohun tó ju kẹ́tù omi lọ mọ́.

Màmá bi mí níbi tí mo ti lọ. Mo ní mo lọ ra oògùn ẹ̀yìn. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n gbé omi gbígbóná kalẹ̀, wọ́n fi aṣọ jó ẹ̀yìn yín, wọ́n sì wá fi omi kan náà jó tèmi. Mo jẹ́ kí wọ́n jó o.

Bọ̀dá Akínsọlá dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Màmá lé wọn jáde. Màmá ní òfin ni òfin, ẹni tó fi etí àpò rẹ̀ lé ọwọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, òun ló fọ́ ẹ̀yìn ọkọ àwọn. Bọ̀dá Akínsọlá wò mí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n ò dárúkọ mi. Wọ́n rò pé àìsàn ń ṣe mí lóòótọ́. Wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ni, àwọn ì bá ti wá ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ọ. Mo yí ojú sí ògiri.

Ọdún mọ́kànlá lẹ fi jókòó sórí àga kan nílé, títí ẹ fi kú. Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé, kí n tó kí yín tán, ẹ ó ti bi mí, "Ẹ̀yìn ẹ ńkọ́?" Ẹ kì í bi mí nípa iṣẹ́. Ẹ kì í bi mí ìgbà tí n ó fẹ́yàwó. Ẹ̀yìn mi ni. N ó ní ó ti sàn, ẹ ó sì mi orí. Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ ni? Ṣé ẹ ń bi mí kí n lè sọ òótọ́ ni, àbí ìfẹ́ lásán ni? Mo ti rò ó títí. Ní ọjọ́ tí mo bá gbà pé ẹ mọ̀, mi ò lè jẹun. Ní ọjọ́ tí mo bá gbà pé ẹ ò mọ̀, ó tún burú ju ìyẹn lọ.

Ìbéèrè yẹn ni mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ tí mo fi dẹ́kun àtiwálé. Mo ta iṣu l'Ọ́gbẹ̀sẹ̀. Mo wa bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlárá-Mọ̀kín. Mo gun ọ̀kadà. Kò sí iṣẹ́ tí mo ṣe tó pé ọdún mẹ́ta. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ẹ ti dágbére fáyé.

Ẹ wá wo ibi tí mo wà báyìí, kí ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn ọdún tó le ti tún padà, ó dà bíi pé wọ́n le ju tiyín lọ. Iṣẹ́ tí mo rí ni ní ilé eré ìdárayá kan ní Ijapo, l'Ákúrẹ́. Mo ń nu ilẹ̀, mo ń to irin. Àwọn ènìyàn ń wọ mọ́tò wá síbẹ̀, wọ́n á gbé ẹrù tí kò lọ síbì kankan, wọ́n á tún gbé e padà sí ibi tó wà. Ọ̀kan wà, ọ̀gá ilé ìfowópamọ́, tó bá ti gbé ìwọ̀n àpò kòkó kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, á jókòó, á ní kí wọ́n ya fọ́tò òun.

Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Kóòṣì wa, obìnrin kan tí egungun rẹ̀ le, rí mi tí mo tẹ ẹ̀yìn gbé irin kúrò nílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fọ́ ẹ̀yìn yín ni?" Mo sọ irin náà sílẹ̀. Ó rò pé mo bínú, ló bá ní òun á kọ́ mi.

Ó ya ọ̀sẹ̀ mi sórí ìwé. Mọ́ńdè, kí n gbé irin léjìká, kí n lọ sílẹ̀, kí n dìde. Wẹ́sídeè, dẹ́dílíìfù, èyí ni kí n bẹ̀rẹ̀ gbé irin láti ilẹ̀ títí n ó fi nàró. Fúráìdè, apá àti àyà. Mo bi í pé kí ló dé tí dẹ́dílíìfù fi jẹ́ ọjọ́ kan péré. Ó ní kò sí èyí tó ń jẹ ẹ̀yìn tó o. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fi tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo gbé irin léjìká láìsí ìsinmi láàárín, òun sì ni kí n kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ara ṣì le, kí n gbé e lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí n sinmi, kí n ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta. Bí ẹ̀yìn bá ti ń tẹ̀, kí n sọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ara lè tún ara rẹ̀ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá. Ta ló fún yín ní ọjọ́ kan? Ọjọ́ mẹ́fà lẹ fi ń gbé e, lórí gààrí. Sọ́ńdè tó kù, ẹ ń bá wọn to bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó sì wá ń kọ́ mi, ohùn yín ni mò ń gbọ́. Kí ẹsẹ̀ wọ abẹ́ irin. Kí àyà là. Kí n mí sínú, kí n dá a dúró. Kí n má fi ẹ̀yìn fà á, kí n fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín gan-an ni, tí ẹ máa ń sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ tí mo máa ń wo ibòmíràn. Ní Wẹ́sídeè tó kọjá, mo gbé ọgọ́ta kílò ó lé díẹ̀, ìwọ̀n àpò kòkó kan, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ta ló pàtẹ́wọ́ fún yín rí?

Ní Sọ́ńdè yìí, mo lọ wo Màmá l'Óǹdó. Wọ́n ti gbó, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ṣì mú. Bọ̀dá Akínsọlá ti bárò wọlé, irun orí wọn ti funfun báláú. Ààbọ̀ àpò gààrí ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìlú le, kí Màmá fi mu. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí iwájú ilé. Màmá ò tilẹ̀ dìde.

"Gbé e padà, Akínsọlá. Ẹ̀yìn ọkọ mi ṣì wà lọ́rùn ẹ. Bí mo bá kú pàápàá, má wá síbi ìsìnkú mi."

Bàbá àgbàlagbà yẹn bẹ̀rẹ̀, wọ́n di etí àpò kan mú. Wọ́n yíjú sí mi. "Bá mi di etí kejì mú," ni wọ́n wí.

Mo di í mú. Mo kó ẹsẹ̀ mi sábẹ́, mo la àyà, mo ti ilẹ̀. A jọ gbé e padà sínú bárò, ó fúyẹ́ bí owú. Wọ́n wo bí mo ṣe dúró. Wọ́n ní, "Bàbá ẹ ló kọ́ èmi náà bẹ́ẹ̀." Wọ́n sì ti bárò wọn lọ, mo sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Lẹ́ẹ̀kan sí i, mo jẹ́ kí wọ́n lọ.

Túsìdeè nìyí. Wẹ́sídeè ni ọ̀la, ọjọ́ irin mi. Lónìí mo sọ fún Kóòṣì pé mi ò ní wá. Ó wò mí, ó bi mí bóyá ẹ̀yìn ló tún ń dùn mí. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi, ó ti mọ́ mi lára. Mo ní, "Rárá o. Ẹ̀yìn ò dùn mí."

Mi ò mọ̀ bóyá Màmá á tún pè mí lọ́mọ. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti pẹ́ jù, mo sì ń rò pé mo ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n lọ́la, n ó wọ mọ́tò Oǹdó láàárọ̀. Ilé Bọ̀dá Akínsọlá ni n ó kọ́kọ́ yà, n ó dọ̀bálẹ̀, n ó sọ ibi tí mo lọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn fún wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ kí n dìde, n ó gbé gààrí wọn sínú bárò, n ó tì í níwájú wọn dé ọ̀dọ̀ Màmá, n ó sì tún un sọ níbẹ̀ kí n tó sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ fi àdín ra lẹ́yìn, tí mo sì nífẹ̀ẹ́ yín pẹ̀lú gbogbo rẹ̀.