Nọ́ńbà Theresa Tí Wọ́n Tún Tà

Nasarawa Gwong,
Jos.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, 2024.

Fẹ́rànmí, ọ̀rẹ́ mi àtọdúnmọ́dún,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Bólúwatifẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ara wa le níbí, ọyẹ́ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ìwọ ni mo sì fẹ́ bí i sí.

Ṣé o rántí bí o ṣe ń fọwọ́ lu tábìlì ní yunifásítì pé kí ìjọba ta ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, kí ara tu gbogbo ayé? Ara tù wá lóòótọ́. Láyé tìjọba, tẹlifóònù ilé bàbá mi kì í dún tó ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ṣùgbọ́n títí bàbá fi kú, ẹnikẹ́ni ò gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

O mọ̀ pé Dọ̀tun, ọmọ Theresa tí a jọ kàwé, gba aginjù lọ sí Líbíà. Wọ́n jí fóònù rẹ̀ lọ́nà. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ sórí, fóònù onífóònù ló sì máa ń yá pè é. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn gbé Theresa dè. Wọ́n gbé e lọ sí abúlé wọn ní Èkìtì, níbi tí àwọn olówó tó ni ilé-iṣẹ́ fóònù yìí kò ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí, torí èrò ibẹ̀ kò pọ̀ tó èrè tí wọ́n ń wá. Ó pẹ́ kó tó gbádùn. Nígbà tó fi máa padà dé, láìnì rẹ̀ ti kú.

A lọ sí ọ́fíìsì wọn. Monica, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà, ní láìnì tí ènìyàn ò bá lò, wọ́n á tún un tà ni. Theresa kúnlẹ̀.

“Mama, abeg stand up,” Monica ní. “Kneel-down no dey inside system o.”

Mo fi fóònù mi pe nọ́ńbà náà, mo fi í sórí sípíkà. Ọmọ Ìlọrin kan tó ń ta táyà ní Jos níbí, Abdulsobur, ló gbé e. Mo bi í bóyá ọmọkùnrin kan ń pè é.

“Haba! Ọmọ yẹn? Ó ń pariwo mọ́mì, mọ́mì ṣáá lórí láìnì tí mo fowó ara mi rà. Mo ṣe bí gbájúẹ̀ ni. Mo ní mọ́mì rẹ̀ ti kú, wọ́n ti sin ín. Wallahi, látìgbà yẹn ni mo ti sinmi.”

Theresa wà lórí eékún rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí Abdulsobur gbọ́ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, ó sunkún, ó sì gbé láìnì náà wá fún un lọ́jọ́ kejì. Nọ́ńbà Líbíà tí Dọ̀tun fi pè é kò lọ mọ́. Fóònù Theresa kì í kú báyìí. Ó ń gbé e lọ ilé ìwẹ̀, ó ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n Fẹ́rànmí, ta ló ń pe ìyá tí wọ́n ti sin?

Bá mi kí gbogbo ilé. Bí o bá máa fèsì, jọ̀ọ́, má kọ ọ́ sí mi pé ọjà á tún ara rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rẹ́ rẹ náà ni mo ṣì jẹ́,
Olúwakẹ́mi.