Dídúró ni Enoch Ń Dúró

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Àdúgbò Ekurede-Urhobo,
                                        Warri.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2003.

Bọ́ládé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àjọkẹ́ ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Sọ fún wọn pé mo wà láàyè, nítorí mo mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí rédíò bá ti dárúkọ Warri ni àyà wọn ń já. Tèmi kò burú. Dígí ló gé mi lápá òsì, ó ti ń san.

O béèrè bóyá Enoch ṣì ni ọ̀gá gbogbo wa nídìí géèmù mọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi, jókòó ná. Enoch ti kú. Ṣọ́jà ló yìnbọn pa á nínú píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo sì jókòó sí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ mi ló kọ̀ láti kọ ọ́.

O ṣáà rántí bó ṣe ń ta géèmù náà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, pẹ̀lú sítíárì oníke tí o rà fún wa. Bí kọ́nà bá ti yọ, èmi àti Godwin ọmọ àdúgbò wa á tẹ búréèkì, a ó fi orí sọ ògiri. Enoch á rọra yọ ẹsẹ̀, á fa jíà láti ẹ̀kẹrin sí ẹ̀kẹta, sí èkejì, á fi ẹsẹ̀ ta ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí jíà lè wọlé láìjà. Ẹ́ńjìnnì á ké, ọkọ̀ á sì rọlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dì lẹ́wù mú. Ìwọ lo kọ́kọ́ fi hàn án, kó tó wá jù ọ́ lọ.

Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó ẹja yíyan lọ sí Effurun, búréèkì rẹ̀ kò dára mọ́ láti ìgbà òjò. Enoch sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní kó ṣì máa fi jíà dá a dúró, ṣebí ó gbọ́n nídìí ẹ̀, pé bí rògbòdìyàn yìí bá rọlẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi tún ń jáde, àwọn á tún un ṣe.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, a ti já ẹja sílẹ̀ ní Effurun, a ń sáré padà bọ̀ kí àsìkò kónílé-ó-gbélé tó tó. A yọ sí kọ́nà kan, la bá rí igi àti táyà lójú ọ̀nà níbi tí kò sí nǹkan kan láàárọ̀. Ṣọ́jà nawọ́ pé ká dúró. Enoch tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó fa jíà sí ẹ̀kẹta.

"No fear," ó wí fún mi, "e dey slow."

Ọkọ̀ ń rọlẹ̀ lóòótọ́, Bọ́ládé, mo fi ojú mi rí i. Ó fà á sí èkejì, ẹ́ńjìnnì ké gan-an. Igbe yẹn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi rò pé a fẹ́ já igi náà kọjá. Ìbọn dún. Ọkọ̀ rọra lọ fara kan táyà, ó dúró. Táyà náà kò tiẹ̀ ṣí kúrò nípò.

Inú ń bí mi, inú ń bí mi gidi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn èèyàn ti ní ara àwọn ọmọ inú kíríìkì ni Enoch, àwọn tó ń gbé ìbọn jí epo lórí omi, pé òun ló ń bá wọn kó epo náà. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà búra pé òun gbọ́ bó ṣe ki eré mọ́lẹ̀. Kò purọ́, ohun tó gbọ́ ló sọ. Bàbá Enoch náà gbà á gbọ́. Orí omi ni wọ́n dàgbà sí, ní Ìlàjẹ, wọn kò wa mọ́tò rí. Lójú tiwọn, ẹ́ńjìnnì tó bá ké, eré ló ń sá. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, Bàbá ní méjèèjì ló wọlé tọ àwọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ náà nínú ilé àwọn mọ́. Nígbà tí pásítọ̀ fẹ́ gbàdúrà fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dìde, wọ́n jáde. Mo búra títí ẹnu fi bó mi, wọ́n ní ọ̀rẹ́ mi ni mò ń bò. Ìyá Enoch ní tiwọn, ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ni wọ́n ti ń sunkún, kí wọ́n lè sọ pé èéfín ló kó sí àwọn lójú.

Lánàá, mo lọ bá Bàbá, mo ní kí wọ́n bá mi dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú: ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, mò ń pè wọ́n wá wo géèmù. Wọ́n ṣáà tẹ̀lé mi. Mo jẹ́ kí mọ́tò inú géèmù náà sáré dé ọgọ́fà. Mo ní kí wọ́n fi etí sí ẹ́ńjìnnì, kí ojú wọn sì wà lára nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tó ń sọ bí eré ṣe tó. Mo yọ ẹsẹ̀, mo fa jíà. Ẹ́ńjìnnì ké, nọ́ńbà já wálẹ̀. Mo tún fà á, ó ké ju ti àkọ́kọ́ lọ, nọ́ńbà sì tún já wálẹ̀. Bàbá ní kí n dìde. Wọ́n jókòó, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fa jíà náà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

"Ṣé dídúró ló ń dúró?"

"Dídúró ló ń dúró, Bàbá."

Mo rò pé ara máa tù wọ́n. Wọ́n yọ ọwọ́ lórí sítíárì bí ẹni tí iná jó.

"Èmi ni mo ní kó máa fi jíà dá a dúró," ni wọ́n wí. "Èmi ni."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ òní, Bàbá dìde, wọ́n pe orúkọ Enoch sókè, wọ́n ní ọmọ àwọn kò sá fún ẹnikẹ́ni, búréèkì ọkọ̀ àwọn ni kò dára, àwọn sì mọ̀. Wọn kò tíì jókòó tán tí Ìyá Enoch fi dìde, tí àwọn náà sì jáde láìwo ojú Bàbá.

Bá mi kí Àjọkẹ́, kí o kí Màmá, má sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Má wá sí Warri báyìí. Sítíárì rẹ wà lọ́wọ́ mi, mo ti tú u kúrò lórí tábìlì. Godwin fẹ́ wá ta géèmù lọ́sàn-án yìí, mo ní kó máa lọ sílé.

Èmi nìkan tó kù fún ọ níbí,
Adéfọláhàn.