Àtàǹpàkò Frederick

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, 1985.

Adébùsọ́lá, ọmọ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀ ní Ìbàdàn. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le, nítorí mò ń dárúkọ rẹ nínú àdúrà mi láràárọ̀. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ àgbà ti padà sílé. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

O rántí pé nígbà tí bàbá rẹ àgbà kú, Frederick tó kọ́ iṣẹ́ awọ lọ́dọ̀ rẹ̀ gbé ìwé kan wá, ó ní ìwé ìbánikẹ́dùn ni, kí n tẹ̀ka sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omijé lójú. Àṣé ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo fún un ní gbogbo irinṣẹ́. Nígbà tí mo bi í, ó dá mi lóhùn lójú àwọn aládùúgbò pé, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ ọkọ yín ṣe? Ṣebí alágbàfọ̀ awọ ni yín." Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wọ kíláàsì àwọn àgbà láti kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ.

Òótọ́ ni, èmi ni mò ń fọ awọ. Bàbá rẹ àgbà á fín ọnà sí i, èmi á gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Frederick kò wò mí rí, iṣẹ́ obìnrin ló kà á sí. Ohun tí kò kọ́ nìyí, kí ìwọ kọ́ ọ: fún ọsàn wẹ́wẹ́ sómi, fi àkísà tí o ti fún gbẹ nu ọ̀rá ọwọ́ kúrò lára awọ, fi ìyẹ́ adìẹ tọ ojú ọnà náà kí eruku jáde, kí o sì sá a síbòji. Bí o bá ti fi aró pupa kùn ún tó gbẹ, máa fi aṣọ funfun nù ún títí aṣọ náà yóò fi máa jáde ní funfun. Ìgbà yẹn ni kí o tó fi fáníṣì kàn án. Bàbá rẹ àgbà kì í ṣí fáníṣì láìjẹ́ pé mo fi aṣọ náà hàn án.

Nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, Frederick gbé gàárì tó ṣe fún Wàhábì ẹlẹ́ṣin gba iwájú ilé mi, kí n lè rí i. Ọnà rẹ̀ dára, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n aró dì sínú ojú ọnà, fáníṣì sì ń dán lórí ìdọ̀tí. Ó ní, "Ìyá, ó dáa àbí kò dáa?" Mo ní ó dáa. Mo wọlé lọ jẹun.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, oòrùn mú. Wàhábì wọ agbádá funfun, ó gun ẹṣin dáadáa. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ láti kí Ọba, ìdí rẹ̀ pupa bí ẹyìn. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi kò bò ó.

Lọ́jọ́ kejì, Frederick dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú gàárì náà. Wàhábì ti búra pé bí kò bá tún un ṣe, kò sí ilé ẹlẹ́ṣin tí yóò gbéṣẹ́ fún un mọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ gbé àpótí wá. Ó gbé e wá. Mo mú un jókòó sẹ́yìnkùlé, níbi tí mo máa ń jókòó sí, mo fún un ní aṣọ funfun. Ìgbàkígbà tó bá mú aṣọ náà wá fi hàn mí, mo máa ń ní, "Kò tíì funfun." Ọjọ́ mẹ́ta ló fi nù ún, àwọn aládùúgbò yẹn sì ń wò ó.

Nígbà tó parí, mo fún un ní ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ, pé gbogbo irinṣẹ́ padà di tèmi àti tìrẹ. Ó kà á, ó béèrè bíró. Mo ní, "Rárá. Tẹ̀ ẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́. Kò nílò tàdáwà. Aró ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọlọ́run yóò bá ọ parí ẹ̀kọ́ rẹ. Ẹni kan kò ní gba ohun tó jẹ́ tìrẹ. Ọnà tí ọwọ́ rẹ bá fín, kò ní parẹ́.

Èmi ni ìyá tó bí ìyá rẹ,
Susannah, alágbàfọ̀ awọ.

Mo tún rántí: Bí o bá pàdé Frederick nígbà tí o bá wálé, kúnlẹ̀ kí i dáadáa, àgbà ni. Kí o wá wo àtàǹpàkò rẹ̀. Wọ́n ní aró ibẹ̀ kò tíì ṣí.