Balógun, Àkùkọ Tí Mo Yà Sọ́tọ̀ fún Sàráà

                                        Ojúlé Kẹtàlá,
                                        Òpópónà Alásàlà,
                                        Agége, Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Oyèkànmí, alábàárò mi láti ìgbà èwe,

Kú ọjọ́ mẹ́ta. Kú ọyẹ́ tó ń fẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ o. Ṣé Màríàm ìyàwó rẹ ń bẹ lálàáfíà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ń gbé ọ dé mọ́ṣáláṣí, àbí orí àga lo ṣì ti ń kírun? Àwọn ọmọ ńkọ́, àtèyí tó wà nílé àtèyí tó ń sọ lọ́dọọdún pé òun ń bọ̀ wá kí yín? Tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Ojú mi kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n etí mi ṣì ń gbọ́ ohun tí kò kàn mí.

Fóònù mi wà ní Kọ̀m̀pútà Fílẹ́ẹ̀jì lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ìdí nìyí tí mo fi ní kí Jemimah, ayálégbé mi, bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ gan-an ni kó kọ, kódà níbi tó bá ti kan òun àti Job ọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn adìyẹ bàbá mi ni. O rántí wọn, àwọn ọlọ́rùn-ìhòòhò tó máa ń jẹ̀ kiri lábẹ́ igi obì nígbà tí Agége ṣì jẹ́ oko. Oko bàbá mi ti di ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike báyìí. Adìyẹ nìkan ni ogún tí wọn kò tíì rí gbà lọ́wọ́ mi. Adìyẹ àgíríìkì a máa yé bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ kò yàtọ̀ sí òwú tí a rì bọ omi. Ti ìbílẹ̀ lẹ́ran, ṣùgbọ́n bó bá yé ẹyin kan, yóò fi ariwo pe gbogbo àdúgbò, yóò sì sinmi. Tiwa ń ṣe méjèèjì. Bó ṣe ń yé náà ló ń sanra, ẹran rẹ̀ a sì máa bá eyín jà.

Àkùkọ kan ṣoṣo ló kù nínú wọn. Balógun ni mo sọ ọ́. Òun ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àgbébọ̀ tó wà nínú àgò. Uswat ọmọ mi, tó kàwé nípa ẹran ọ̀sìn ní Abẹ́òkúta, wò wọ́n, ó ní, "Bàbá, àkùkọ yìí ń fẹ́ àwọn ọmọ ara rẹ̀ nínú àgò yín yìí. Ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ àwọn òròmọdìyẹ ti ń wọ́?" Ó ní kí n pín wọn fún àwọn ará àdúgbò sìn, kí a máa pààrọ̀ àkùkọ láti ilé dé ilé, kí a máa pa èyí tí kò dára jẹ, kí a sì fi èyí tó dára sílẹ̀ kó máa bímọ. Mo bi í pé adìyẹ ta ni. Ó ní tèmi ni. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ìkòkò ọbẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, Oyèkànmí. Gbogbo èèyàn ló ń wo Balógun bí ẹni ń wo oúnjẹ. Job ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Ó ní iṣẹ́ kì í jẹ́ kí òun sùn lóru, Balógun kì í jẹ́ kí òun sùn lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni òun ò lè sè jẹ. Lọ́jọ́ kan, Dàwódù, bàbá ọkọ Uswat, wá kí mi láti Ọmọ́lẹ̀. O mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí àna lọ lọ́wọ́ òfo. Ó jókòó, ó ń wo Balógun, ó ní, "Àna mi, àkùkọ yìí mà dára o." Ó tún mu omi, ó tún un sọ. Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, abẹ́ apá rẹ̀ ni Balógun yóò gbà lọ. Ni mo bá ní mo ti yà á sọ́tọ̀ fún sàráà.

Àna mi ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó ní, "Ta ló ń bá Ọlọ́run du ẹran?" Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Àṣé ó gba mọ́ṣáláṣí kọjá, ó sì ti ròyìn sàráà fún wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, Ààfáà Abdulhakeem, lèmọ́mù wa, dárúkọ mi láàárín èrò, ó ṣàdúà fún mi, ó sì bi mí pé ọjọ́ wo ni sàráà. Kí n tó délé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdínì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bi mí bóyá ìrẹsì ni wọn yóò sè tì í. Ọ̀kan ti gbé àlùbọ́sà wá. Job kó igi ìdáná wá, àwọn pákó tí wọ́n fi ń gbé ẹrù níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò níṣojú Balógun. Jemimah ní kí n yọ èyí kúrò nínú lẹ́tà. Mi ò yọ ọ́. Wọ́n ní ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ṣùgbọ́n tèmi yìí, ẹnu mi ló fẹ́ pa ẹyẹ.

Ni mo bá ní ara Balógun kò yá. Ààfáà ní a kì í fi ẹran tó ń ṣàìsàn ṣe sàráà, kí a jẹ́ kí ara rẹ̀ yá ná. Inú mi dùn, àfi bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí aláìsàn. "Balógun ńkọ́?" "Ó sàn díẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni Balógun ń kọ lẹ́yìnkùlé débi pé fèrè ilé-iṣẹ́ ike kò tó o. Ìyá kan tilẹ̀ gbé àgbo wá, ó ní kí n máa fún un láàárọ̀ àti lálẹ́.

Nígbà tó yá, Ààfáà fúnra rẹ̀ dé. Mo sáré fi agbọ̀n dé Balógun, mo da aṣọ bò ó. Mo ń sọ fún Ààfáà pé láti àná ni kò ti lè dìde, ni agbọ̀n bá ṣí dànù. Balógun fò, èjìká Ààfáà ló bà lé. Ara ò rọ adìyẹ, ara ò rọ ààfáà. Ó na ọrùn ìhòòhò rẹ̀, ó sì kọ sí i létí.

Ààfáà wò mí, ó wò mí, ó ní, "Bàbá Uswat, ara rẹ̀ ti yá o."

Mo ní, "Alihamudulilahi."

Job ti ń wá ọ̀bẹ. Uswat, tó wá kí mi lọ́jọ́ náà, ló kúnlẹ̀ níwájú Ààfáà, ó bi í pé nínú sàráà tí a jẹ lójúmọ́ kan tó tán, àti èyí tí èrè rẹ̀ kì í dúró, èwo ló tóbi jù. Ààfáà ní èyí tí kì í dúró ni, bí ẹni gbẹ́ kànga fún aráyé. Uswat ní, "Bí Bàbá bá wá fún àwọn aláìní ní adìyẹ tó ń yé, tó ń pamọ, ṣé kì í ṣe kànga nìyẹn?"

Ààfáà ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ títí. Ó ní, "Kànga ni. Bàbá, kí lẹ rí sí i?" Gbogbo wọn kọjú sí mi, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ Job. Ohun tí mo ti ń kọ̀ fún ọmọ mi láti ọjọ́ yìí wá, mo gbà á níbẹ̀, mo tún ṣe bí ẹni pé èmi ni mo ronú kàn án.

A ti pín àwọn òròmọdìyẹ káàkiri báyìí. Uswat ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń pààrọ̀ àwọn akọ tó ti dàgbà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́ jẹ, mo takú. Uswat ní, "Bàbá, adìyẹ tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ, ta ni yóò máa sìn ín?" Wọ́n sè wọ́n. Job jẹ ọ̀kan, ó fọ́ eegun rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló wá bẹ̀ mí pé òun náà fẹ́ sìn, ṣùgbọ́n kó ṣáà jẹ́ abo nìkan.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nìyí. Bàbá rẹ kó lára àwọn adìyẹ yẹn nígbà tó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gbọ́ pé Oyinadé ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ní ọlọ́rùn-ìhòòhò ní abúlé. Uswat ní a nílò àkùkọ tí Balógun kò bí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ wọn yóò tún wọ́. Bá mi tọrọ ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dára, kí àna kan má baà gbọ́.

Balógun fúnra rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́. Ààfáà ní ohun tí a ti fún Ọlọ́run kì í padà sínú àgò ẹni, nítorí náà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ló ń gbé pẹ̀lú àwọn àgbébọ̀ díẹ̀. Ìrun márààrún, mi ò pa ọ̀kan jẹ mọ́. Mo máa ń tètè dé, mo sì máa ń pẹ́ kí n tó kúrò, pẹ̀lú àgbàdo díẹ̀ nínú àpò. Ààfáà ti ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ nínú wáàsí fún àwọn ọ̀dọ́. Mi ò tíì ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí Màríàm, kí o sì kí ẹ̀gbọ́n wa Oyinadé dáadáa ju bí o ti máa ń kí wọn lọ. Jemimah náà kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fajú ro. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí bá wa láyé.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ olóríkunkun,

Oyèdìran ọmọ àgbẹ̀.