Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Pariwo: Ìgbésí Ayé Ebenezer Ọlọ́runṣògo Àjàyí, 1961 sí 2024

Ebenezer Ọlọ́runṣògo Àjàyí kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí wọ́n yí kẹ̀kẹ́ Márúwá oníbátìrì wọn wọ kòtò nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, nílùú Ọ̀yọ́, kí wọ́n má baà gbá obìnrin kan tó ru ẹrù. Ẹnu ṣì ń ya ìdílé títí di bí a ṣe ń kọ èyí. Wọn kò mu ẹ̀kọ wọn tán kí wọ́n tó jáde lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí a bo ìyókù de àwọn. Ẹ̀kọ náà ò tíì tutù tí a fi gbọ́ igbe lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn kan ti bá ìdílé kọ ìtàn kan wá fún ìwé yìí. Ó ní erin wó, ó ní àjànàkú sùn bí òkè. Ìyàwó olóògbé kà á, ó sì dá a padà. Erin kankan kò wó. Dírẹ́bà kan ló kú, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tí gbogbo Akẹ̀sán mọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an la fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn kà, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nígboro kì í ṣe òótọ́, ó sì ń pa ọmọ kan nínú wa lára.

A bí olóògbé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1961, ní agboolé Àjàyí, nítòsí Ọjà Igbó, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá wọn ni Olóògbé Kọ́láwọlé Àjàyí, àgbẹ̀ tó tún jẹ́ díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ìyá wọn ni Olóògbé Tẹniọlá Àjàyí, tó ń ta iyọ̀ àti irú. Àwọn ni ọmọ kẹta tí ìyá wọn bí, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ wọ́n ní Ọlọ́runṣògo.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi ní ọdún 1967, wọ́n parí ní 1973. Wọ́n wọ sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta. A kò ní purọ́ pé òṣì ló fà á. Ìwé kò wù wọ́n, ọkọ̀ ló wù wọ́n. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń jókòó sẹ́bàá títì, tí wọ́n á máa sọ irú ọkọ̀ tó ń bọ̀ kó tó yọ. Ìró ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọn kì í ṣì í.

Ní ọdún 1979, wọ́n wá sí Ọ̀yọ́ láti kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Gàníyù, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ná ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ nǹkan kan tí a fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Bí ọkọ̀ bá dé orí gẹ̀rẹ́, ọ̀gá á ju gíà sí fírì, á pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á sì máa yí lọ fúnra rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Epo á ṣẹ́kù. Fèrè ọkọ̀ náà á ṣì máa dún bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ kú. Bí ọmọṣẹ́ bá gbàgbé, èébú ló ń jẹ: "Ebenezer! Gẹ̀rẹ́ tí Ọlọ́run fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, epo mi lo tún ń dà sí i? Pa á jàre!" Wọ́n á pa á. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pa á, lórí gbogbo gẹ̀rẹ́, lórí gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n wà. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn kì í tún bi wọ́n léèrè mọ́ kó tó lọ síbi kọ́kọ́rọ́.

Ní ọdún 1988, wọ́n fẹ́ Ifádùnní, ọmọ Ifákáyọ̀dé, nílùú Ọ̀yọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ìyàwó yí orúkọ padà sí Esther. Èsì tí olóògbé fún wọn ni pé: "Ẹ máa pè é ní Esther nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá ti délé, Ifádùnní ni mo fẹ́." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí di òní. Wọn kò na ìyàwó wọn rí. Wọ́n máa ń bínú, wọ́n sì lè bínú gan-an, ṣùgbọ́n bí inú bá ti ń bí wọn, wọ́n á gbé omi àti ọṣẹ, wọ́n á lọ fọ ọkọ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń rí ọkọ̀ tó ń dán, wọ́n á ní, "Ifádùnní, kí lo tún ṣe fún ọkùnrin yìí?"

Wọ́n wa ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n wa bọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi Máíkírà gbé èrò láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 2022, ikọ́ mú wọn, kò sì lọ. Dókítà ní èéfín tí wọ́n ti ń fà símú láti ìgbà èwe ló ń bá àyà wọn jà, pé kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n padà sílé. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n sì ń gbọ́ ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn tó ń kọjá. A rò pé ìjókòó yẹn gan-an ni yóò pa wọ́n.

Ọmọ wọn kejì, Olúwafèyíkẹ́mi, ti ka ìwé ẹ̀rọ ní yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Under G, àdúgbò tó wà lẹ́bàá yunifásítì náà. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé yóò yọ ẹ́ńjìnnì inú ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Márúwá, yóò fi bátìrì ńlá àti ẹ̀rọ tí iná ń yí rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó gbé ọ̀kan fún bàbá rẹ̀. Kò ní èéfín, kò ní epo, kò sì ní ariwo. Wọ́n gùn ún yí ká Under G, wọ́n sì bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Fèyíkẹ́mi, ó dà bí ẹni pé mo ń lá àlá."

Ọjọ́ náà ni ọmọ kìlọ̀ fún wọn. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì gbọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á lórí gẹ̀rẹ́ o. Tí ẹ bá ń sọ̀ ọ́ láì pa á, táyà ló máa ń dá iná padà sínú bátìrì, ẹ̀rọ tó ń yí i náà ló sì máa ń dá kẹ̀kẹ́ dúró. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, gbogbo rẹ̀ ló kú."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ tó ń jẹun nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀! Ọ̀gá Gàníyù ì bá ti fẹ́ ẹ níyàwó." Wọ́n ṣèlérí pé àwọn ti gbọ́.

Láàárín oṣù mélòó kan, ikọ́ náà lọ. Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ, nítorí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ nígboro: ikọ́ náà lọ. Ọdún kan tó kẹ́yìn ayé wọn, wọ́n sun oorun wọn dé ojúmọ́.

Ní gáréèjì, wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Dírẹ́bà kan a máa bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ pa á ni, àbí ó ń ṣiṣẹ́?" Wọ́n á ní ó ń ṣiṣẹ́. "Kí ló wá dé tí kò sọ̀rọ̀?" Wọ́n á ní, "Ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀, èrò mélòó lo ti gbé?"

Ẹni tó yọ wọ́n lẹ́nu jù ni Ìyá Mashood, tó ń ta èlùbọ́ ní Akẹ̀sán. Lọ́jọ́ kan, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú agbada èlùbọ́ lórí, ó sì fi orúkọ àkọ́bí wọn pè wọ́n. Ó ní, "Bàbá Dípúpọ̀, ọkọ̀ olè lẹ gbé yìí! Ẹ̀yìn mi lẹ yọ sí bí ológbò!"

Wọ́n ní, "Ológbò kì í gbé èrò, Ìyá Mashood. Ẹ wọlé."

"N ò wọ̀ ọ́. Ohun tí n ò gbọ́ ohùn ẹ̀, n ò gbọ́kàn lé e."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo wa tí a ti ru ẹrù rí la mọ̀ ọ́n. Ẹni tí agbada èlùbọ́ wà lórí rẹ̀ kò lè yí ọrùn. Etí ló fi ń sọdá títì. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, á gbé ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, olóògbé máa ń tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì fún gbogbo ẹni tó bá ru ẹrù, pàápàá lórí gẹ̀rẹ́ yẹn. Ìyá Mashood mọ fèrè náà. Ó máa ń dúró dè é, á sì bú wọn díẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá.

Nínú ìgbàgbọ́, Onítẹ̀bọmi ni olóògbé títí dé òpin. Wọn kì í gbàdúrà gígùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n máa ń fi kẹ̀kẹ́ náà gbé àwọn àgbàlagbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì gbé wọn padà. Bí ìjọba bá mú iná lọ, gbogbo àdúgbò ló ń wá fi fóònù so mọ́ bátìrì wọn. Aboyún tí kẹ̀kẹ́ náà ti gbé lọ sí ọsibítù kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn obìnrin náà ní bí wọ́n bá ń rọbí, àìpariwo rẹ̀ dára fún orí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá oṣù kọkànlá nìyí. Iná ìjọba ti lọ láti ọjọ́ mélòó kan, bátìrì kò sì kún nígbà tí wọ́n jáde. Ẹnì kan péré ni wọ́n gbé, Mubaraq, ọmọkùnrin bíríkìlà, tí apá rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì lónìí. Òun ló wá sọ fún wa. Ó ní nígbà tí àwọn dé orí gẹ̀rẹ́, Bàbá wo iná bátìrì, wọ́n ní, "Ó ti ń lọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi gẹ̀rẹ́ yìí ṣọ́ iná jẹ." Wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́.

Ìyá Mashood wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú agbada rẹ̀. Etí rẹ̀ sọ fún un pé kò sí ọkọ̀. Kò gbọ́ fèrè. Ó gbé ẹsẹ̀.

Mubaraq ní: "Mo ń wo àtàǹpàkò wọn. Wọ́n ń tẹ fèrè, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, kò dún. Wọ́n tẹ búrẹ́kì, kẹ̀kẹ́ wúwo jù, kò dúró. Wọ́n pariwo, ‘Ìyá Mashood!’ Ìyá dúró sójú kan, kò mọ ibi tí ohùn ti wá. Bàbá bá já a sí kòtò."

Ìyá Mashood kò fara pa. Agbada rẹ̀ kò tilẹ̀ já bọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígboro. Àwọn kan ní bátìrì bú. Àwọn kan ní Ṣàngó ló bínú sí ẹni tó ń gbé iná kiri, pé nítorí ilé oníṣẹ̀ṣe tí ìyàwó ti wá ni. Àwọn kan nínú ìjọ tilẹ̀ ní ọmọ tó kàwé jù ló gbé pósí fún bàbá rẹ̀. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Iná kankan kò jó. Bátìrì náà wà nílé wa, òun ló tan gílóòbù tí a fi ṣe àìsùn lánàá. Olóògbé pa kẹ̀kẹ́ láti ṣọ́ iná jẹ, fèrè àti ẹ̀rọ tó ń dá a dúró bá a kú, gẹ̀rẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ pa á ni ì bá sì fi iná kún un. Bí ó ṣe rí nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Mashood wá sílé wa láì ru nǹkan kan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó olóògbé. Ó ní, "Ifádùnní, orúkọ mi ló wà lẹ́nu wọn."

Olóògbé fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀: ìyàwó wọn, Ifádùnní Esther, àwọn ọmọ wọn, Ọládipúpọ̀, Olúwafèyíkẹ́mi àti Rejoice, àwọn ọmọ ọmọ mẹ́rin, tí èyí tó kéré jù nínú wọn ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú àwọn àbúrò mẹ́ta ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí a ó sin wọ́n sí lónìí, ní agboolé tí a ti bí wọn.

Olúwafèyíkẹ́mi ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó ní ó yẹ kí òun ti so fèrè mọ́ bátìrì tààrà, kí kọ́kọ́rọ́ má lè pa á. Ó ní wáyà kan ṣoṣo ni. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un nílé, ó sì tún ń sọ ọ́ níbí lójú gbogbo yín, pé ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló pa fèrè, kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀. Kò tíì gbà.

Bàbá Dípúpọ̀, ẹ máa sinmi. Kí ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ gbà yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí Ọlọ́run tí ẹ sìn má fi yín sílẹ̀. Ẹ sùn dáadáa, bí ẹ ṣe sùn ní ọdún tí ọmọ yín fi gba àyà yín lọ́wọ́ èéfín. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Under G ti wà ní títì láti ọjọ́ tí ẹ lọ. Lánàá, ó kó gbogbo sípánà rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀, ó ní kí a bá òun wá ẹni tí yóò gbà á.