Àwo Orin Yín àti Ohùn tí Màmá Àgbà Mọ̀

Bọ̀dá mi onígìtá,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ọwọ́, mo kí ìyàwó yín, mo sì kí onílù ẹgbẹ́ yín tó máa ń fajú ro. Àlàáfíà la wà. Orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́. Bàbá ti tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná kàn. Wọ́n lé mi nílé ìwé fún ọjọ́ mẹ́ta, torí mo fi ohùn ọ̀gá àgbà ní kí gbogbo kíláàsì máa lọ sílé. Wọ́n sì lọ.

Àwo orin tí ẹ dá ṣe láìsí ẹgbẹ́ yín ti dé. Bàbá ní gìtá kì í ṣe iṣẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn ń jó lábẹ́ tábìlì. Màmá Àgbà, tí ojú wọn ò ríran mọ́, fetí sí i tí ẹ ń kọrin, wọ́n ní, "Ta lèyí? Ọmọ mi kọ́. Ẹ bá mi pa orin yẹn."

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. Láti ọdún méjì tí ẹ ò ti pe Màmá Àgbà, èmi ni mo ń fi ohùn yín pè wọ́n lórí fóònù láti yàrá kejì. Eré ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ wọ́n wá ń retí ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n fúnra yín, ẹ má tú mi fó. Ẹ fi bàtà ránṣẹ́ sí mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwo yín tà wàràwàrà.

Tí wọ́n bá gbé fóònù, ẹ kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kí wọn. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní gbà pé ẹ̀yin ni.

Èmi àbúrò yín,
Ayékòótọ́